Tábúlẹ́ẹ̀tì tí àbúrò mi ń gbé lọ bá dókítà: bí mo ṣe tò ó

Ohun tí mo tò yìí, tábúlẹ́ẹ̀tì tòkunbọ̀ kan ni, ojú ẹ̀ fẹ̀ tó íńṣì 8, àbúrò mi ọkùnrin ló ń lò ó tó bá fẹ́ rí dókítà: á tẹ àwòrán, tábúlẹ́ẹ̀tì á sì bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n bí Down syndrome mọ́ ọn, ìpèníjà kan tó máa ń jẹ́ kí òye àti ọ̀rọ̀ sísọ falẹ̀, ó ti lé lógún ọdún, ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó sì gbọ́ Òyìnbó díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò já gaara, àwa ará ilé nìkan la máa ń gbọ́ ọ délẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá gbé e dé iwájú ẹni tí ò mọ̀ rí, tónítọ̀hún tún wọ kóòtù funfun, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu ẹ̀ pátápátá, á kàn máa sọ pé "ẹ́n, ẹ́n" sí gbogbo nǹkan tí wọ́n bá bi í.

Èmi kì í ṣe dókítà o, mi ò sì kọ́ṣẹ́ tíṣà àwọn ọmọ tó ní ìpèníjà, fóònù ni mo ń tún ṣe, mo sì fúnra mi kọ́ kóòdù díẹ̀ lórí YouTube. Mò ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí àwọn òbí tí wọ́n rí i lọ́wọ́ àbúrò mi máa ń bi mí pé áàpù wo ni, wọ́n á fẹ́ wa á sórí fóònù wọn lójú ẹsẹ̀. Èsì mi kì í sábà dùn mọ́ wọn, torí ibi tó wúlò jù nínú ẹ̀, àbúrò mi gan-an kì í tẹ̀ ẹ́. Dókítà ló wà fún. Màá débẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Wàhálà méjì ló wà nílẹ̀. Kò lè sọ ohun tó ń ṣe é, ìyẹn ọ̀kan. Ìkejì, èyí tó burú jù lójú tèmi, ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀ ò mọ bó ṣe máa ń rí nígbà tí nǹkan kan ò ṣe é. Tó bá jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n á ní bí àwọn tó ní Down syndrome ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Tó bá ń gbá etí ara ẹ̀ lábàrá, wọ́n á tún ní bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ihò etí wọn máa ń há, ìdọ̀tí máa ń tètè dí i, àìsàn etí ò jìnnà sí wọn rárá, thyroid, ẹ̀yà ara tó wà lọ́rùn tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára, òun náà kì í ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ lára ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn dókítà pàápàá lórúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan yìí, diagnostic overshadowing, ìyẹn ni pé ìpèníjà tójú rí ti bo àìsàn tójú ò rí mọ́lẹ̀.

Tábúlẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀

Queen Cinema ni mo ti rà á, n'Ìbàdàn níbí, wọ́n sì tà á fún mi lówó pọ́ọ́kú torí bátìrì ẹ̀ ti wú débi pé ó ti ń ti ẹ̀yìn ẹ̀ sókè. Ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun mú etí ẹ̀ gbóná díẹ̀díẹ̀, mo fi káàdì oníke là á yí ká, mo kán isopropyl sábẹ́ bátìrì kí gọ́ọ̀mù ẹ̀ lè rọ̀, mo sì fi ike pẹlẹbẹ hú u jáde. Ẹ má fi irin débẹ̀ o, bátìrì lithium tó ti wú, tí irin bá gún un, ó lè gbiná. Mo fi òmíràn tí mAh ẹ̀ (ìwọ̀n iná tó lè gbà) bá a mu sí i, mo ra ààbò rọ́bà tó nípọn tó ní ibi ìdìmú lẹ́yìn, torí bó bá ti ń já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lójoojúmọ́ ni skríìnì á fọ́. Páwà báǹkì kékeré wà nínú báàgì ẹ̀. Ọ̀rọ̀ NEPA, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ ìyẹn níbí.

Android tó wà lórí ẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀ àmọ́ ó ní screen pinning, èyí tó ti wà láti Android 5. Ẹ kàn án mọ́ áàpù kan ṣoṣo, ọmọ ò ní lè yọ lọ sórí YouTube nígbà tí dókítà bá ń sọ̀rọ̀. Àbúrò mi fẹ́ràn YouTube ju gbogbo wa lọ.

Áàpù náà kì í ṣe ohun tẹ́ ẹ máa rí ní Play Store. Ojú ewé wẹ́ẹ̀bù ni, HTML àti JavaScript lásán, èdè tí wọ́n fi ń kọ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀, mi ò lo framework kankan (kóòdù tí ẹlòmíì ti tò sílẹ̀) torí mo fẹ́ kí ẹlòmíì lè ṣí i kó sì yé e. Fáìlì JSON kan ló ń sọ àwòrán tó wà lójú ewé kọ̀ọ̀kan àti ohùn tó máa dún, mo sì tò ó lọ́nà Open Board Format torí Cboard àtàwọn áàpù àwòrán tó ń sọ̀rọ̀ mìíì lè ka irú fáìlì bẹ́ẹ̀, tẹ́nì kan bá fẹ́ gbé tèmi lọ síbòmíì kò ní máa tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Service worker, kóòdù kékeré tó ń tọ́jú ojú ewé sínú tábúlẹ́ẹ̀tì, ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ láìsí dátà. Kinní yìí ò gbà kẹ́ ẹ kàn ṣí fáìlì láti inú mẹ́mórì o, https (àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bù tó ní ààbò) ló ń fẹ́ àbí localhost (ẹ̀rọ náà fúnra ẹ̀), nítorí náà mo gbé e sórí sáfà ọ̀fẹ́ kan, mo fi tábúlẹ́ẹ̀tì ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ó kó gbogbo nǹkan wọlé, mo pa dátà, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba káàdì rí á mọ ìdí tí mi ò fi gbára lé nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Kí lo ò ṣe lo èyí tó ti wà nílẹ̀? Ó pọ̀ tí wọ́n ti bi mí bẹ́ẹ̀. Proloquo2Go, áàpù irú èyí tí gbogbo ayé ń yìn, ẹ̀rọ Apple nìkan ló wà fún, owó ẹ̀ sì lé ní igba dọ́là. Cboard dáa gan-an ní tiẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, kóòdù ẹ̀ wà ní gbangba, UNICEF ti fowó ràn án lọ́wọ́, tó bá jẹ́ pé ọmọ yín gbọ́ Òyìnbó ẹ lọ síbẹ̀ tààrà kẹ́ ẹ má ṣe ara yín níyà. Tèmi ni pé ohùn Yorùbá ni mo fẹ́, mo sì fẹ́ ojú ewé tí dókítà máa kà, tí kò sí nínú ìkankan nínú wọn bí mo ṣe fẹ́ ẹ.

Àwòrán

Ibẹ̀ ni mo pẹ́ sí jù. ARASAAC, àkójọ àwòrán kan, ni mo kọ́kọ́ lọ, ìjọba ẹkùn Aragon ní Spain ló ni ín, Sergio Palao ló ya àwọn àwòrán náà, wọ́n lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ láísẹ́ńsì ẹ̀ ò gbà kẹ́ ẹ fi pawó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní i lọ́kàn láti ta tiyín, Mulberry, àkójọ míì, ni kẹ́ ẹ wò, Garry Paxton ló yà á, àwọn àgbàlagbà ló sì fi sọ́kàn nígbà tó ń yà á. Ìyẹn ṣe pàtàkì sí mi torí ọ̀pọ̀ àwòrán báyìí ló ń ṣe bíi ti jẹ́lé-ó-sinmi, àbúrò mi sì ti ní irùngbọ̀n.

Tá a bá wá ní ká sọ tòótọ́, fọ́tò ló borí gbogbo wọn. Tí mo bá fi àwòrán ife tí wọ́n yà hàn án, á wò ó, á wo ojú mi. Tí mo bá fi fọ́tò kọ́ọ̀pù tiẹ̀ gan-an hàn án, èyí aláwọ̀ búlúù tí ẹnu ẹ̀ ti bó yẹn, á ní omi lòun fẹ́. Nítorí náà àwòrán yíyà ló wà fún nǹkan tí ò ṣeé yà ní fọ́tò, bí òòyì àti èébì, gbogbo ìyókù fọ́tò nǹkan ilé wa ni.

Ara pẹ̀lú, fọ́tò tiẹ̀ ni mo lò. A yà á níwájú àti lẹ́yìn, ó wọ ṣòkòtò péńpé, mo wá fi SVG (àwòrán tí kóòdù ń fà) fa ìlà yí orí, etí, ọ̀fun, àyà, ikùn, orúnkún ká, tó bá fọwọ́ kan ibẹ̀ á pọ́n, ohùn á jáde. Nǹkan ọmọkùnrin ẹ̀ ló fa ọ̀rọ̀ nílé wa. Màámi ò fẹ́ kó wà níbẹ̀ rárá, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ tú ọmọ àwọn sí gbangba ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní ibẹ̀ gan-an ni ẹnikẹ́ni kì í bèèrè, tí ìtọ̀ bá ń gbóná fún un ńkọ́, tẹ́nì kan bá tiẹ̀ fọwọ́ kàn án níbi tí ò yẹ ńkọ́. A fẹnu kò sí i pé àwòrán yíyà la máa lò fún ìyẹn, ojú ewé ọ̀tọ̀ ni, àbúrò mi mọ ibi tó wà.

Iye àwòrán tó máa wà lójú ewé kan náà lọ́rọ̀ nínú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń to ogún, ọgbọ̀n sójú kan. Lọ́dọ̀ tiwa mẹ́fà ni, ìsàlẹ̀ pátápátá ló sì ti wá ní bọ́tìnì pupa kan tó fẹ̀ dé etí méjèèjì, "Ẹ dúró", tí kì í kúrò lójú ewé kankan. Bọ́tìnì yẹn ló ń lò jù. Tí wọ́n bá fẹ́ gún un lábẹ́rẹ́ tó bá tẹ̀ ẹ́, ohùn á jáde gbàà, nọ́ọ̀sì á sì dáwọ́ dúró lóòótọ́, á ní ó dáa, mo ti dúró. Lẹ́yìn tó ti rí i pé wọ́n ń dúró, ó ti ń jẹ́ kí wọ́n gún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohùn

Kò sí ohùn Yorùbá lórí tábúlẹ́ẹ̀tì náà. Mo gbé MMS tí Meta gbé jáde ní 2023 wá, ẹ̀rọ tó ń sọ ọ̀rọ̀ kíkọ di ohùn, Yorùbá wà nínú èdè tó lé ní ẹgbẹ̀rún tó ń sọ, mo fi kọ̀ǹpútà ṣe díẹ̀ jáde. Ó gbìyànjú jàre. Àmọ́ ohùn àwọn tó ń ka Májẹ̀mú Tuntun ni wọ́n fi kọ́ ọ, ó sì hàn nínú ẹ̀, "inú ń run mí" á jáde bí ẹni pé Pọ́ọ̀lù ló kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, àbúrò mi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin àbúrò bàbá wa tí òun àti àbúrò mi jọ jẹ́ ẹgbẹ́ la wá gba ohùn ẹ̀, torí ọkùnrin tó ti bàlágà ò yẹ kó máa fi ohùn obìnrin àbí ti ọmọdé sọ̀rọ̀ níwájú dókítà.

Bí àwọn áàpù Òyìnbó ṣe máa ń so ọ̀rọ̀ pọ̀, ẹ tẹ ìrora, ẹ tẹ ẹ̀yà ara, ó tán, kò ṣeé lò fún tiwa, torí ní Yorùbá ibì kọ̀ọ̀kan ló ní ọ̀rọ̀ ìrora tiẹ̀: orí ń fọ́, inú ń run, ẹsẹ̀ ń ro, etí ń dùn, nítorí náà odindi gbólóhùn la ká sílẹ̀ fún ibì kọ̀ọ̀kan. Inú yàrá tí aṣọ pọ̀ sí la ti ká a, ká má bàa gbọ́ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò. Audacity ni mo fi yọ ariwo tó kù, mo fi loudnorm inú ffmpeg mú kí gbogbo ẹ̀ dún dọ́gba, mo sì sọ ọ́ di Opus (irú fáìlì ohùn tó fúyẹ́) ní 32 kbps, gbólóhùn tó gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta ò ju nǹkan bíi 12 KB lọ.

Àmọ́ sípíkà tábúlẹ́ẹ̀tì ò lè borí ariwo ọsibítù, ọ̀pọ̀ dókítà sì ń fi Òyìnbó kọ nǹkan sílẹ̀. Ohun tí mo ṣe sí i nìyí, mo sì fẹ́ràn ẹ̀: mo pín skríìnì sí méjì. Ìsàlẹ̀, níwájú àbúrò mi, àwòrán. Òkè, mo kọ gbólóhùn kan náà ní Òyìnbó gàdàgbà, mo sì fi CSS (kóòdù tó ń to ojú ewé) dojú ẹ̀ dé, rotate 180deg, kó dojú kọ ẹni tó jókòó sí òdì kejì tábìlì. Àbúrò mi ò ní láti gbé tábúlẹ́ẹ̀tì yí sọ́tùn-ún sósì, dókítà náà ò ní na ọrùn.

Ìka

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní Down syndrome ni ìka wọn kúrú tí iṣan wọn sì rọ̀, nítorí náà àbúrò mi á tẹ nǹkan á gbàgbé ọwọ́ síbẹ̀, tàbí kó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀. Tó bá gbàgbé ọwọ́ síbẹ̀, Android á gbé mẹ́nù tiẹ̀ wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ kóòdù, ẹ fi preventDefault sórí contextmenu, ẹ fi user-select: none àti touch-action: manipulation sí i, ẹ sì jẹ́ kí bọ́tìnì ṣiṣẹ́ nígbà tó bá ká ọwọ́ kúrò, kó má ka títẹ̀ kejì tó bá tẹ̀lé e kí 700 ms tó pé. Ó parí.

"Ẹ́n" sí gbogbo ìbéèrè

Ibí lẹ ti máa rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀rọ̀ kóòdù lọ. Ẹ bi àbúrò mi pé ṣé inú ń run ọ́, á ní ẹ́n. Ẹ bi í pé ṣé inú ò run ọ́ rárá, á ní ẹ́n. Kì í ṣe pé ó ń purọ́, ó ti mọ̀ láti kékeré pé tóun bá ti ní ẹ́n, àgbàlagbà á rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á sì fi òun sílẹ̀. Carol Sigelman àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti kọ nípa ẹ̀ láti 1981, pé ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́ ò ṣeé fọkàn tán lẹ́nu ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irú ìpèníjà yìí, nítorí náà bọ́tìnì "bẹ́ẹ̀ ni" ńlá tí gbogbo áàpù ń gbé síwájú, mo yọ ọ́ kúrò.

Ohun tó rọ́pò ẹ̀ ni yíyàn láàárín méjì tó ní àwòrán. Kì í ṣe "ṣé o sùn lánàá", fọ́tò ẹni tó sùn àti fọ́tò ẹni tó lajú sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ni, kó mú ọ̀kan. Àwòrán kẹta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, "mi ò mọ̀", torí àìmọ̀ náà èsì ni. Lẹ́yìn ìbéèrè méjì mẹ́ta, áàpù á tún bi í ní èyí àkọ́kọ́, á sì pààrọ̀ ẹ̀gbẹ́ tí àwòrán wà, èyí tó wà lọ́tùn-ún á bọ́ sósì. Tí èsì méjèèjì bá bára mu, àmì aláwọ̀ ewéko á yọ sápá ọ̀dọ̀ dókítà, tí kò bá bára mu, àmì àwọ̀ ìyeyè, ìyẹn ni pé ká má kọ ọ́ sílẹ̀ bí òótọ́. Ní Yunifásítì Stirling ní Scotland, Joan Murphy ti gbé nǹkan kan jáde tó ń jẹ́ Talking Mats, tí wọ́n fi ń to àwòrán sábẹ́ "ó dáa", "ó ṣe díẹ̀", "kò dáa", ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan, láìkánjú, àtibẹ̀ ni mo ti rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ló ṣe pàtàkì bí kò ṣe bí ìbéèrè ṣe ń lọ níkọ̀ọ̀kan.

Sùúrù ńkọ́? Ó máa ń pẹ́ kí àbúrò mi tó dáhùn, dókítà á sì ti bi í ní ìbéèrè mìíì kí ti àkọ́kọ́ tó délẹ̀ lọ́kàn ẹ̀. Mo wá fi òbìrí kan sápá ọ̀dọ̀ dókítà tó ń kún díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, mo kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ ní Òyìnbó pé ó ń ronú, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fún un láyè. Ẹ ò lè gbà gbọ́ bí àgbàlagbà ṣe máa ń gbọ́rọ̀ sí òbìrí lẹ́nu ju sí èmi lọ.

Ọ̀rọ̀ ìrora, àwòrán ojú mẹ́fà Wong-Baker tí àwọn dókítà fi ń wọn ìrora yẹn, tó bẹ̀rẹ̀ láti ojú tó ń rẹ́rìn-ín dé èyí tó ń sunkún, kò wúlò fún wa. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín ló máa ń mú torí ó dáa lójú ẹ̀, kódà nígbà tí eyín ń dùn ún. Mo fi fọ́tò nǹkan tó fẹ́ràn rọ́pò: bọ́ọ̀lù gbígbá níta, dòdò, ijó, mo sì fi fọ́tò bẹ́ẹ̀dì kún un. "Èwo lo fẹ́ ṣe báyìí?" Tí ó bá ti gbogbo ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó mú bẹ́ẹ̀dì, tó sì tún mú bẹ́ẹ̀dì nígbà kejì, ara ẹ̀ ò dá, kò sí àríyànjiyàn.

Ojú ewé dókítà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Birmingham, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àwọn tó ní learning disability (ìpèníjà òye) gan-an ni wọ́n kọ́, níbẹ̀ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Wọ́n ní lọ́dọ̀ àwọn, ẹni tó bá ní irú ìpèníjà yìí tó ti pé ọmọ ọdún 14 ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ara lọ́dọọdún lọ́dọ̀ GP, ìyẹn dókítà àdúgbò ẹ̀, àti pé láti 2016 ni òfin ti wà ní England pé kí ilé ìwòsàn máa bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lọ́nà tó máa yé e. Mo ní ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ ń sọ yìí ò sí ní Bódìjà. Wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n gba èyí tí kò ná ẹnikẹ́ni lówó, ìwé tí wọ́n ń pè ní hospital passport, aláwọ̀ mẹ́ta bí iná títì, pupa ni ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ kó má bàa kú, àwọ̀ ìyeyè ni ohun tó ṣe pàtàkì, ewéko ni ohun tó fẹ́ àti ohun tí kò fẹ́.

Pupa tiwa: penicillin ò bá a lára mu. Ọrùn ẹ̀, tí wọ́n bá fẹ́ kùn ún lóorun fún iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn pẹ̀lú agbára, torí eegun òkè ọrùn máa ń yẹ̀ lára àwọn kan tó ní Down syndrome. Nọ́ńbà Màámi. Ojú ewé pupa yìí kò ní PIN, òun ló ń kọ́kọ́ ṣí, ìyókù ló ní PIN, torí ọ̀rọ̀ ìlera ẹni jẹ́ ohun tí òfin dáàbò bò, Nigeria Data Protection Act ti wà láti 2023. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ìlera ẹ̀ kankan ránṣẹ́ sórí sáfà tí mo gbé áàpù sí yẹn, inú tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan ló wà.

Èyí tó yí ohun gbogbo padà ni apá tó tẹ̀lé e. Ẹ̀gbọ́n mi fi DisDAT hàn mí, ìwé tí wọ́n fi ń mọ̀ tí nǹkan bá ń ni ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ lára, Claud Regnard àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló ṣe é ní àríwá ìlà-oòrùn England, ohun tí wọ́n rí ni pé kò sí àmì ìrora kan tó bá gbogbo ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mu, oníkálukú ló ní tiẹ̀. Nítorí náà ẹ kọ bí ẹni náà ṣe máa ń rí nígbà tí ara ẹ̀ bá dá sápá kan, ojú ẹ̀, ohùn ẹ̀, ìrìn ẹ̀, oúnjẹ ẹ̀, oorun ẹ̀, ẹ sì kọ bó ṣe ń rí nígbà tí nǹkan bá ń ni ín lára sápá kejì. A jókòó kọ ọ́, Màámi ń sọ, èmi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹnu yà mí sí iye nǹkan tí wọ́n mọ̀ tí ẹnì kan ò bi wọ́n rí. Pé tí ara ẹ̀ bá dá, á máa hó ṣùẹ̀ṣùẹ̀ tó bá ń wẹ̀. Pé tí inú bá ń run ún, kì í di ikùn mú, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ló máa ń bù jẹ. Ta ló máa mọ ìyẹn nínú yàrá dókítà?

Mo wá fi fídíò sí i, mẹ́ta, èyí tó gùn jù ò tó ìdajì ìṣẹ́jú: ó ń rìn lọ sí ilé oníbúrẹ́dì, ó ń jẹun, ó ń jó níbi ìkómọ. Mo kọ oṣù àti ọdún tá a yà á sí i lára.

Nígbà tá a gbé e lọ

Ó ti ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgbẹ́ ẹ̀ ti ń le, ó ń da aṣọ òtútù bora lọ́sàn-án gangan nínú oòrùn Ìbàdàn. Àwọn tá a ti kọ́kọ́ rí ti ní ó ń dàgbà ni, ó sanra ni, ká dín ẹ̀bà ẹ̀ kù.

Dókítà tá a bá lọ́tẹ̀ yìí, ojú mi ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò, "kí ló ń ṣe é?" Àbúrò mi tẹ àwòrán òtútù. Ọ̀rọ̀ Òyìnbó jáde lọ́dọ̀ wọn, wọ́n kà á, wọ́n sì gbójú kúrò lọ́dọ̀ mi sọ́dọ̀ ẹ̀, láti ìgbà yẹn òun ni wọ́n ń bi. Wọ́n bi í nípa oorun, ó mú fọ́tò ẹni tó sùn, ó tún un mú, àmì aláwọ̀ ewéko yọ. Nígbà tí wọ́n dé orí fídíò, wọ́n wò ó, wọ́n wo àbúrò mi lórí àga, wọ́n tún wo fídíò náà. Wọ́n ní ìgbà wo lẹ ya eléyìí? Mo ní ọdún tó kọjá. Wọ́n ò sọ nǹkan kan mọ́, wọ́n kọ àyẹ̀wò thyroid fún wa. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní lọ́dọọdún ló yẹ kí wọ́n máa ṣe é fún ọmọ tó ní Down syndrome, tiwa ò ṣe é rí látìgbà tí wọ́n ti bí i. Ó jáde pé thyroid ẹ̀ ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ó ti wà lórí levothyroxine báyìí, oògùn tó ń rọ́pò ohun tí thyroid ò ṣe tó, àràárọ̀ kó tó jẹun, ijó ti padà.

Kó má lọ dà bíi pé ẹ̀rọ ló ṣe iṣẹ́ ìyanu o. Àwòrán òtútù yẹn ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ fídíò tí fóònù ẹnikẹ́ni lè yà ló mú dókítà ronú. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tàbí àbúrò báyìí, tí ẹ ò ní kóbọ̀, ẹ yà á ní fídíò nígbà tí ara ẹ̀ dá, kẹ́ ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí màmá ẹ̀ mọ̀ sílẹ̀, ẹ fi áàpù sí ìkẹyìn.

Ibòmíì tá a lọ nípa eyín ò rí bẹ́ẹ̀. Dókítà ibẹ̀ ní kí wọ́n gbé fóònù kúrò lórí tábìlì òun, òun ò ráyè eré. Àwa náà mọ̀ pé òfin àwọn tó ní ìpèníjà ti wà, Ààrẹ fọwọ́ sí i ní January 2019, àmọ́ ẹ ò lè máa ka òfin sí ẹni tó di pílíáà mú létí. Mo lọ tẹ ojú ewé aláwọ̀ mẹ́ta náà sórí páálí, iwájú àti ẹ̀yìn, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rá bò ó, ó wà nínú báàgì pẹ̀lú páwà báǹkì. Ẹni tí kò bá gba tábúlẹ́ẹ̀tì á gba ìwé, wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tó kù

Ojú ewé ojoojúmọ́ tí Màámi á máa tẹ̀ lálẹ́, oorun, ìgbẹ́, oúnjẹ, kó fi ya gíráàfù tí dókítà máa wò, mo ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ àmọ́ ojú Màámi ò rí lẹ́tà kékeré dáadáa, ó di dandan kí n tún un yà. Ojú ewé eyín ṣì ń fẹ́ fọ́tò àga tí wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí àti ẹ̀rọ tó ń dún gììì yẹn, pẹ̀lú ohùn ẹ̀ gan-an, kó lè gbọ́ ọ nílé kó tó débẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá gba fáìlì náà lọ́wọ́ mi, fọ́tò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, lẹ́yìn náà ohùn, obìnrin fún obìnrin. Kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun sí ojú ewé pupa, ẹ pa gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ rẹ́ ná, pàápàá ìlà penicillin yẹn, àbúrò tèmi ni kò bá lára mu.